Ká ní ìwé àdéhùn Ẹ̀gbá kò kú ní 1914, ibo ló yẹ kí ìtàn ti yà?

Ìtàn_Àbá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ìtàn «ká ní» kan ni mò ń to jọ, ó sì dá lórí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1914 tí wọ́n so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá. Nínú ìtàn yìí, Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá tó wà l'Abẹ́òkúta kò tú ká lọ́dún náà. Ó bá ìdàpọ̀ wọ Nàìjíríà, ìwé àdéhùn tí àwọn àti Carter, Gómìnà Èkó, fọwọ́ sí ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 1893 sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ digbí. Abẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì ló wà lóòótọ́, àmọ́ òun ló ń ṣòfin ìlú rẹ̀, òun ló ń gba owó rẹ̀, òun ló ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ títí di 1930, ó kéré tán.

Ìjẹmọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó wà l'Abẹ́òkúta, ni mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ mọ bó ṣe rí: Pọ́nlàdé, àgbàlagbà Ìjẹmọ̀ kan, kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ará Ìjẹmọ̀ fárígá, wọ́n ní àfi kí wọ́n yọ Adégbóyèga Ẹdun tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba nípò. Wọ́n ránṣẹ́ pe sójà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1914 ìbọn ró, Olúwo Ìjẹmọ̀ àti àwọn tó lé ní 30 bá a lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án, ìwé àdéhùn ti kúrò nílẹ̀. Nínú ìtàn tèmi, Pọ́nlàdé ò kú, sójà ò wá, ìwé náà ò sì kú.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, ṣé ìyẹn nìkan tó? Bí Lugard, Gómìnà Àgbà Nàìjíríà, bá ti wà lórí àlééfà, ṣé kò ní wá ọ̀nà mìíràn? Owó wo ni wọ́n á fi máa ṣèjọba nínú Nàìjíríà tó ti ní ẹnubodè kan ṣoṣo? Ẹ má fi bò fún mi o. Bó bá jẹ́ orí iyanrìn ni mo kọ́lé sí, ẹ sọ ọ́ kí n tètè wó o.

Àlàyé_Òfin:

Kò tó. Ìjẹmọ̀ ni eéwo ti tú, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ń ta nínú ara.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé 1893 wò dáadáa. Kò gùn. Ẹ̀gbá ṣèlérí pé ọjà yóò máa lọ yóò máa bọ̀ láàárín àwọn àti Èkó, pé àwọn ò ní ti ọ̀nà kankan pa bí Gómìnà kò bá fọwọ́ sí i, pé àwọn ò sì ní fi ilẹ̀ àwọn lé ìjọba òkèèrè mìíràn lọ́wọ́ láìgba àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì náà ṣèlérí pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pa àdéhùn mọ́, òun yóò gbà pé olómìnira ni Ẹ̀gbá. Gbogbo agbára ìwé náà dúró lórí «níwọ̀n ìgbà tí» yẹn. Ta ni yóò wá sọ pé wọ́n pa á mọ́ tàbí wọn ò pa á mọ́? Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ọwọ́ Gómìnà ló ń bọ́ sí. Ẹni tó jẹ́ ẹnìkejì nínú àdéhùn ló tún jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá wu alágbára ló máa ń parí.

Ẹ wá wo bí omi ṣe ń jò lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1898 wọ́n to Ìjọba Àpapọ̀ jọ, Aláké lórí àga, Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, Àgùrà Gbágùrá àti Olówu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti aṣojú Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Ìjọba gidi ni, kì í ṣe àfẹnusọ: ó ní akápò, ilé ẹjọ́, ọlọ́pàá, ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀. Àmọ́ ní 1904 wọ́n fọwọ́ sí ìwé kejì tó gbé ẹjọ́ ìpànìyàn àti irú ẹjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn. Komíṣọ́nnà òyìnbó sì ti ń gbé Abẹ́òkúta. Nítorí ọ̀rọ̀ ojú irin ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ fi í síbẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ń tẹsẹ̀ bọ gbogbo nǹkan.

Ibi tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ìjọba Ẹ̀gbá ń pàṣẹ tuntun lójoojúmọ́, ìmọ́tótó lónìí, iṣẹ́ títì láìgbowó lọ́la. Àwọn ìlú kéékèèké tó para pọ̀ di Ẹ̀gbá kò fẹ́ gbọ́, nítorí Ògbóni àti Olórógun ìlú wọn ni wọ́n mọ̀ lólórí, wọn ò mọ akọ̀wé kankan. Ọlọ́pàá ìjọba kò tó láti mú àṣẹ náà ṣẹ. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, ojú Èkó ni wọ́n ń wò. Ìjọba tó bá ń yá ìbọn lọ́wọ́ aládùúgbò láti fi mú ọmọ ara rẹ̀, ó ti fi ilé rẹ̀ dógò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1914 nìyẹn gan-an. Ẹni tó kó sójà wá ni ó wá béèrè pé kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún òun. Bí ẹ bá mú Ìjẹmọ̀ kúrò, Ìtokò tàbí ìlú mìíràn á ṣe é ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ yà ní 1904. Ọdún náà ni Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tó sì fojú kan Ọba Edward Keje. MacGregor, Gómìnà Èkó, gbà pé ìgbìmọ̀ ọmọ ìlú ló yẹ kó máa ṣàkóso ìlú, òun ló ṣe òfin àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní 1901. Ọdún 1904 yìí kan náà ló lọ tí Egerton fi rọ́pò rẹ̀, Egerton ò sì ní sùúrù fún irú ìjọba yìí. Alfred Lyttelton ni mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ òkèèrè. Fèrèsé tóóró kan ni, àmọ́ ó ṣí. Dípò kí Ẹ̀gbá fi ẹjọ́ ìpànìyàn sílẹ̀ lásán lọ́dún yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣe pààrọ̀. Kí wọ́n gba gbólóhùn mẹ́ta sínú ìwé. Àkọ́kọ́, bí ẹnì kan bá sọ pé wọ́n da àdéhùn, kí ó jẹ́ pé ọ́fíìsì Lyttelton ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò gbọ́ ọ lẹ́yìn tí adájọ́ kan bá ti ṣèwádìí, kí Gómìnà má lè dá a pinnu. Èkejì, kí iṣẹ́ komíṣọ́nnà mọ sí ìmọ̀ràn. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù lójú mi: kí sójà má lè wọlé láìjẹ́ pé ọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí ìwé ìpè, kí ìwọlé wọn náà má sì sọ àdéhùn di asán. Gbólóhùn kẹta yìí ló máa gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ ara rẹ̀, torí ọba kan ṣoṣo kò ní lè fi sójà bá ìlú tó wà lábẹ́ ọba mìíràn wí.

Ojú_Irin:

Àlàyé_Òfin ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó. Bí ẹ bá tún gbogbo gbólóhùn àdéhùn ṣe tí ẹ ò tún owó ṣe, ìjọba yìí á ṣáà kú. Ó kàn máa kú jẹ́jẹ́ ni.

Owó bodè ni Ìjọba Ẹ̀gbá gbé ara lé. Oníbodè dúró sí ẹnu ọ̀nà àti etí odò Ògùn, ó ń gbowó lórí ẹrù tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Nígbà tó jẹ́ orí ènìyàn àti ọkọ̀ ojú omi ni ẹrù ń gbà, ó rọrùn: ẹrù ò lè fò kọjá oníbodè. Àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó ní 1896, nígbà tí ọdún 1900 fi máa parí, irin ti dé Ìbàdàn, àárín ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló sì là kọjá. Ẹ wo ìṣòro tó dá sílẹ̀. Èkùrọ́ tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú irin n'Íbàdàn tó ń lọ sí Èkó, ṣé ẹrù Ẹ̀gbá ni? Bí ẹ bá gbowó lórí rẹ̀, Èkó á ní ẹ ti ọ̀nà pa, ìyẹn ni pé ẹ da àdéhùn 1893. Bí ẹ kò bá gbà á, oníṣòwò Ẹ̀gbá tó ń fi orí ru ẹrù tirẹ̀ ló máa san owó tí ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin kò san, òun náà á sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ tí oníbodè kò sí. Lọ́nà méjèèjì, owó ń dín.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ ní 1900. Ní 1865, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Ẹ̀gbá tí G. W. Johnson dá sílẹ̀ ti gbé owó bodè lé ẹrù tó ń lọ sí Èkó, òun àti Gómìnà Glover sì wọ ìyá ìjà. Glover náà fi ọlọ́pàá tirẹ̀ sójú ọ̀nà. Ìjà yẹn wà lára ohun tó bí Ìfọ́lé oṣù kẹwàá 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò l'Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn àgbà ìlú ní 1904 ṣì rántí gbogbo rẹ̀.

Lákòótán, ẹ gbọ́dọ̀ bá wọn wá owó mìíràn kí ìdàpọ̀ tó dé. Ó wà nílẹ̀. Gbogbo aṣọ, iyọ̀ àti ọtí òyìnbó tó wọ Abẹ́òkúta ló ti san owó bodè l'Èkó kó tó dé ibẹ̀, àpò Èkó sì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Kí Ẹ̀gbá fi owó bodè tirẹ̀ sílẹ̀, kí Èkó máa fún un ní ìpín nínú tirẹ̀. Ẹ má rò pé àlá ni. Ní oṣù kẹfà 1910, Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀ gan-an ní gúúsù Áfíríkà nígbà tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Basutoland, Bechuanaland àti Swaziland (Lesotho, Botswana àti Eswatini òde òní) kò wọ inú ìṣọ̀kan náà, àmọ́ wọ́n jọ ń lo ẹnubodè kan. Ìpín wọn wà lákọsílẹ̀ dé orí ẹyọ: Basutoland 0.88575 nínú ọgọ́rùn-ún, Bechuanaland 0.27622, Swaziland 0.149. Àròpọ̀ rẹ̀ kò ju 1.31097 lọ, Gúúsù Áfíríkà ló kó ìyókù.

Ibi tí èyí ti bàjẹ́ ni kí ẹ fojú sí. Àròpọ̀ ìpín náà dúró gbagidi láti 1910 títí di 1969. Ọjà pọ̀ sí i, ìlú tóbi sí i, nọ́ńbà àròpọ̀ yẹn ò yí padà. Nínú ìtàn yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tún un ṣírò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún, kí ó sì jẹ́ ẹrù tó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n á fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí ìwé ẹrù ojú irin wà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ká kàn fi ṣe ìṣirò: bí owó bodè Gúúsù bá jẹ́ £1,500,000, tí ìpín Ẹ̀gbá sì jẹ́ 2 nínú ọgọ́rùn-ún, £30,000 nìyẹn lọ́dún.

Ohun kejì tó lè dà á rú ni ọtí. Owó tí wọ́n ń gbà lórí jìnnì àti irú ọtí bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú owó bodè Gúúsù. Ọtí ọ̀hún, Jámánì àti Họ́láńdì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, Jámánì ló sì ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ wa. Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1914, oṣù Ìjẹmọ̀ gan-an. Ọtí dáwọ́ dúró, èkùrọ́ ò rẹ́ni rà á, owó bodè wálẹ̀. Bí ìpín Ẹ̀gbá bá jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lásán, owó oṣù ọlọ́pàá ò ní jáde ní ìparí 1914, rògbòdìyàn tí ẹ ń sá fún á sì dé láti ẹ̀yìnkùlé. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iye kan wà tí ìpín náà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù ú lọ, bó ti wù kí ọjà rí.

Bí ẹ bá ṣe èyí, ẹ ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Nínú ìtàn gidi, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1918 ni Lugard mú owó bodè Ẹ̀gbá kúrò tó fi owó orí rọ́pò rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni Ogun Adúbì bẹ́: wọ́n hú ojú irin, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀. Sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n kó lọ bá wọn.

Ọ̀pọ́n_Òtítọ́:

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ó ku Lugard, mo sì rò pé ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí fojú kéré rẹ̀ díẹ̀.

Lugard kò kórìíra kí ọba máa ṣàkóso. Ètò tirẹ̀ ni kí Rẹ́sídẹ́ǹtì, òṣìṣẹ́ àgbà Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè, máa gba ẹnu ọba sọ̀rọ̀. Ohun tí kò lè fara mọ́ ni ìjọba tí ọmọ ìlú tó kàwé jókòó nídìí rẹ̀, tó ní ìwé ìròyìn ìjọba tirẹ̀, tó sì lè fi òfin bá a fà á. Ẹdun ló ń rí, kì í ṣe Aláké. Nínú òfin ilé ẹjọ́ tó ṣe ní 1914, ó yọ lọ́yà kúrò ní àwọn ilé ẹjọ́ agbègbè pátápátá. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún Abẹ́òkúta tó kún fún ọmọ Sàró (àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé) àti ọmọ wọn.

Nítorí náà, ìdàpọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ nínú ìtàn yín, àbá mìíràn sì wà nílẹ̀ nígbà náà tí ẹ kò ní láti dá sílẹ̀ fúnra yín. E. D. Morel, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, ti dábàá ní 1911 pé kí wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ náà sí mẹ́rin. C. L. Temple, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ Lugard l'Áríwá, dábàá méje. Lugard kò gba èyíkéyìí. Ó fi ìlà àtijọ́ sílẹ̀, Àríwá lápá kan, Gúúsù lápá kan, gómìnà kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ di ojú irin, tẹligíráàmù, sójà àti ilé ẹjọ́ gíga mú láti òkè. Ìdí nìyẹn tí Ìlọrin fi wà l'Áríwá bí àwọn ará ibẹ̀ tiẹ̀ ń sọ Yorùbá. Owó ló sì yá ìdàpọ̀ náà jù: Àríwá kò lè bọ́ ara rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó ìrànwọ́ gbé e ró, Gúúsù náà ń dá £70,000 sí i lọ́dọọdún. Ìjọba tí ń ṣọ́ kọ́bọ̀ báyìí kò ní fi ìpín bodè Ẹ̀gbá sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi sí Ẹ̀gbá lẹ́nu ni pé àwọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ló ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ àwọn. Akápò Lọ́ńdọ̀nù á gbọ́ èdè yẹn ju ọ̀rọ̀ òmìnira lọ.

Bí ẹ bá mú àbá onímẹ́rin, ẹ ṣọ́ra fún ewu kan. Bí olórí agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn bá jẹ́ irú Captain Ross, Rẹ́sídẹ́ǹtì tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́, ojú Aláàfin ni yóò fi wo gbogbo Yorùbá. Ross gbé Aláàfin lé Ìbàdàn lórí, Ìbàdàn ò sì bọ́ nínú rẹ̀ títí di 1934. Láìsí gbólóhùn tó dá a dúró, Ẹ̀gbá á bọ́ lọ́wọ́ Èkó, á kó sọ́wọ́ Ọ̀yọ́.

Fún àpẹẹrẹ ìlú tó wà nínú ìlú lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Buganda, ilẹ̀ ọba kan ní Uganda tí wọ́n ń pe ọba rẹ̀ ní Kabaka, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ìwé àdéhùn wọn jẹ́ ti ọjọ́ 10 oṣù kẹta 1900, ó sì fi nọ́ńbà kọ gbogbo nǹkan tí ìwé Ẹ̀gbá kò kọ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Lukiiko jẹ́ ènìyàn 89: olórí agbègbè 20, mínísítà 3, ẹni mẹ́ta mẹ́ta láti agbègbè kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ 60, àti ẹni 6 tí Kabaka yàn fúnra rẹ̀. Owó ilé jẹ́ rúpì 3 lọ́dún, owó ìbọn rúpì 3. Owó tí Kabaka yóò máa gbà wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti ta ni wà níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí Buganda lè máa tọ́ka sí ìwé rẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún nìyẹn. Ìwé tó ní nọ́ńbà nínú ṣòro láti túmọ̀ sódì. Lugard mọ Buganda dáadáa o, òun ló bá Kabaka Mwanga fọwọ́ sí ìwé ní oṣù kejìlá 1890. Ẹ lè jẹ́ kí agbẹjọ́rò Ẹ̀gbá kan rán an létí.

Àmọ́ ẹ má kó àìsàn Buganda wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ìjòyè ló kún Lukiiko, tálákà ò ní ẹnu níbẹ̀, ilẹ̀ náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìjòyè. Ẹ̀gbá tiẹ̀ ní ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀: Ògbóni, Olórógun àti Pàràkòyí ti wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ìjọba 1898 ló rọ́ wọn sẹ́yìn tó fi Aláké ṣe ọba lórí àwọn ọba. Bí ìgbìmọ̀ inú ìtàn yín kò bá dá àga padà fún àwọn ìlú, Ìjẹmọ̀ ṣì ń bọ̀.

Johor, ilẹ̀ ọba kan ní Malaya, náà dára láti fi ṣe òdìkejì. Ó kọ̀ láti bá Perak, Selangor, Negeri Sembilan àti Pahang wọ ìṣọ̀kan tí wọ́n ṣe ní 1895, ó dá dúró. Ọdún 1914 yìí kan náà ni wọ́n mú un gba olùdámọ̀ràn Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dídá dúró lásán kò tó.

Ìtàn_Àbá:

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti wó ilé náà. Báyìí ni mo tún un tò: 1904, gbólóhùn mẹ́ta nínú ìwé. 1910, ìpín bodè lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ti Basutoland. 1912, Lugard dé, ó bá ìwé méjèèjì nílẹ̀. 1914, ìdàpọ̀ onímẹ́rin.

Ó ku ohun méjì. Ṣé mo lè jẹ́ kí Ẹ̀gbá máa yan ọmọ ìgbìmọ̀ sí Èkó láti 1914? Owó wo sì ni wọ́n ń ná l'Abẹ́òkúta nígbà náà, kí n má bàa kọ ohun tí kò sí?

Ojú_Irin:

Ti owó rọrùn. Wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó owó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1912, owó fàdákà tirẹ̀ sì jáde ní 1913. Nítorí náà, ní 1914, ṣílè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ àti ṣílè tuntun jọ ń ná lọ́jà. Kò sí náírà, kò sì sí owó Ẹ̀gbá. Ẹ má dán an wò láti dá owó sílẹ̀ fún wọn, ojú ẹsẹ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù á pa á.

Ohun kékeré kan sí i: lẹ́yìn Lugard, kò sí Gómìnà Àgbà mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Lugard nìkan ni wọ́n fún lóyè yẹn. Clifford tó gbapò ní 1919, Gómìnà lásán ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá kọ «Gómìnà Àgbà» sí 1925 ti tú ara rẹ̀ fó.

Àlàyé_Òfin:

Ti ìdìbò, má fi sí 1914. Ìgbìmọ̀ Nàìjíríà tí Lugard dá sílẹ̀ kò lè ṣòfin, ìmọ̀ràn lásán ló wà fún, ìjọba fúnra rẹ̀ ló sì ń yan àwọn ọba sínú rẹ̀, kò sí ìdìbò. 1922 ni ìdìbò àkọ́kọ́ wọ òfin Clifford, àga mẹ́rin péré: mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar. Ibẹ̀ ni kí o ti fi ẹ̀karùn-ún kún un fún Abẹ́òkúta, ó bá a mu.

Àmọ́ ìdíwọ́ kan wà tí o gbọ́dọ̀ kọ sínú ìtàn. Ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó jẹ́ ọmọ abẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí l'Abẹ́òkúta jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò lásán. Nínú Abẹ́òkúta kan náà, ọmọ Sàró àti ọmọ ìbílẹ̀ lè wà lábẹ́ òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ilé ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ta ni yóò dìbò? Bí o bá ní kí ọmọ Sàró nìkan dìbò, o ti dá Ẹdun padà sórí àga láti ẹnu ọ̀nà mìíràn. Jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan aṣojú nílé Ògbóni wọn, kí àwọn aṣojú náà sì jókòó yan ẹni tó ń lọ sí Èkó. Ó máa pẹ́, ó máa ní àríyànjiyàn, àmọ́ àwọn ará Ìjẹmọ̀ á rí ẹni tiwọn nínú rẹ̀.

Bí o bá sì fẹ́ kí Pọ́nlàdé má kú, má ṣe é ní iṣẹ́ ìyanu. Kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọba Ẹ̀gbá, ní ọdún kan ṣáájú, pé kò sẹ́ni tí ọlọ́pàá gbọdọ̀ tì mọ́lé ju òru ọjọ́ kan lọ láìjẹ́ pé Olúwo ìlú rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ka ẹ̀sùn rẹ̀. Ìlà méjì péré ni nínú ìwé náà.